Ìwé Ẹrù àti Àsíá Ọkọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Ohun Ìjà Abẹ́lẹ̀ Lójú Òkun

Ní oṣù Keje ọdún 2010, ọkọ̀ ojú omi kan já kọ̀ǹténà 13 sílẹ̀ ní èbúté Àpápá ní Èkó. Ìwé tó bá ẹrù náà wá sọ pé òwú gíláàsì àti òkúta ìkọ́lé ló wà nínú wọn. Nígbà tó di òpin oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣí wọn lójú àwọn oníròyìn. Ohun èlò ìkọ́lé ló wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí pákó ló wà lábẹ́ rẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì oní-mìlímítà 107, ọta mọ́tà àti ọta ìbọn ló sì kún inú àwọn àpótí náà. Bandar Abbas ní orílẹ̀-èdè Ìráànì ni wọ́n ti dì wọ́n sọ́kọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ní irọ́ ni wọ́n pa fún òun nínú ìwé ẹrù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ìwé ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo ìbọn. Ìwé ni wọ́n fi ń bo ohun ìjà mọ́lẹ̀, ìwé ni wọ́n fi ń tú u fó, ìwé náà ló sì ń pinnu bóyá ọkọ̀ ogun tó bá a pàdé lójú agbami ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kàn án.

Ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹténà, kò sì sí èbúté kankan láyé tó lè ṣí gbogbo èyí tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì kí ọkọ̀ ogun kankan tó ṣí. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù máa ń wá ohun tí kò bá ìṣe oníṣòwò mu: ẹrù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé gba ọ̀nà jíjìn tó náni lówó, ẹni tí wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ sí tí kò ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìkẹ́rùsí, tàbí ẹrù tó dé èbúté kan tán tí wọ́n tún fẹ́ yí ibi tó ń lọ padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àpápá nìyẹn, nítorí wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún kọ̀ǹténà wọ̀nyẹn dì lọ sí orílẹ̀-èdè Gáńbíà kí àṣírí tó tú. Lẹ́yìn ìwé, sátẹ́láìtì tún wà, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà nínú gbogbo ọkọ̀ ńlá tó ń kéde orúkọ ọkọ̀, ibi tó wà àti ibi tó dorí kọ. Ọkọ̀ tó bá pa ẹ̀rọ yẹn ti fa ìfura sí ara rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ti Chong Chon Gang, ọkọ̀ Kòríà Àríwá tó pa ẹ̀rọ rẹ̀ lágbègbè Kúbà lọ́dún 2013. Àwọn aláṣẹ Panama dá a dúró ní oṣù Keje ọdún náà, oògùn olóró ni wọ́n sì rò pé ó gbé. Ṣúgà ni wọ́n bá, ó lé ní 200,000 àpò. Àwọn atukọ̀ ti ba okùn ẹ̀rọ tí ìbá gbé ẹrù náà sókè jẹ́, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó àpò ṣúgà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ooru abẹ́ ọkọ̀. Lábẹ́ gbogbo ṣúgà yẹn ni wọ́n ti rí ọkọ̀ òfuurufú ogun MiG-21 méjì, ẹ́ńjìnnì 15 tí wọ́n ń lò fún irú rẹ̀, àti àwọn ohun ìjà mìíràn. Ìjọba Kúbà jẹ́wọ́ pé tòun ni, ó ní ohun ìjà àtijọ́ ni, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 240 tọ́ọ̀nù, òun fẹ́ lọ tún un ṣe ni.

Ohun tó rọ Panama lọ́rùn ni pé inú omi tirẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà. Òfin Òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 1982 fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní máìlì ojú omi 12 láti etíkun rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti jáde kúrò níbẹ̀ bọ́ sí agbami, ọ̀rọ̀ yí padà: orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀ nìkan ló láṣẹ lé e lórí. Ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè mìíràn kò lè wọ inú rẹ̀ àyàfi tí ìfura tó nídìí bá wà pé olè òkun ni, tàbí pé ó ń kó ẹrú, tàbí pé ó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ, tàbí pé kò ní orílẹ̀-èdè kankan, tàbí pé ọmọ ilé kan náà ni pẹ̀lú ọkọ̀ ogun náà ṣùgbọ́n tó ń fi àsíá ẹlòmíràn bojú. Ohun ìjà kò sí nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹrú tó wà nínú òfin yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ àwọn Potogí kan tí wọ́n ń pè ní Esperança Felix gbéra láti Èkó, Àjàyí ọmọ Òṣoògùn sì wà lára àwọn tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon àti Iphigenia, gbà á, wọ́n sì gbé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown, níbi tí Àjàyí ti di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára ọkọ̀ ogun nìkan ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́dún 1817, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti dájọ́ lórí ọkọ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Le Louis pé kò sí ẹ̀tọ́ láti tú ọkọ̀ ilẹ̀ mìíràn wò lójú òkun nígbà tí kò sí ogun, ẹrú ì báà kún inú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè mú ọkọ̀ tó gbé Àjàyí ni pé Potogí ti fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1815 àti 1817. Ìbúwọ́lùwé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló tú Àjàyí sílẹ̀, kò sì yẹ ká gbàgbé ìyẹn nígbà tí a bá ń bínú sí òfin òkun pé ó fà jù.

Òfin náà máa ń múni bínú lóòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ọkọ̀ ogun Sípéènì tó ń jẹ́ Navarra lé ọkọ̀ kan bá ní Òkun Arébíà. So San ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀dà pa orúkọ náà rẹ́, kò sì ta àsíá. Àwọn ọmọ ogun sọ̀kalẹ̀ sórí rẹ̀ láti inú hẹlikópítà. Lábẹ́ 40,000 àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n ti rí mísáìlì Scud 15 tó ń bọ̀ láti Kòríà Àríwá. Ẹnu kò tíì sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà tí ìjọba Yemen fi sọ pé òun ló ni ẹrù náà, òun sì sanwó rẹ̀. Nígbà náà, kò sí òfin àgbáyé tó ka irú ọjà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, mísáìlì náà sì gúnlẹ̀ sí Yemen.

Ìjákulẹ̀ yẹn ló mú kí Amẹ́ríkà kéde ètò tuntun ní Kraków ní orílẹ̀-èdè Poland ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, láti máa bá àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ya àsíá wọn fún ọkọ̀ ṣe àdéhùn ṣáájú. Làìbéríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lọ́dún 2004, nítorí pé ọkọ̀ tó ń ta àsíá rẹ̀ kiri ayé pọ̀ jọjọ, bí àwọn tó ni wọ́n kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ Monrovia rí. Ohun tí àdéhùn náà wí ni pé tí wọ́n bá béèrè àṣẹ láti wọ ọkọ̀, tí Làìbéríà kò sì dáhùn láàárín wákàtí méjì, a ó gbà pé ó ti yọ̀ǹda.

Ọ̀nà kejì ni ti Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tó lè fòfin de ohun ìjà fún ilẹ̀ kan kó sì fún àwọn ọkọ̀ ogun láṣẹ láti yẹ ọkọ̀ wò, bó ṣe fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Líbíà lọ́dún 2016. Síbẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ yẹ ọkọ̀ wò kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba ìyọ̀ǹda orílẹ̀-èdè àsíá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Roseline A, ọkọ̀ Tọ́kì kan tó ń lọ sí Líbíà. Tọ́kì ta kò ó, wọ́n sì dá àyẹ̀wò náà dúró lágbede méjì. Àwòrán àwọn atukọ̀ tó gbé ọwọ́ lérí tàn ká Tọ́kì, inú sì bí àwọn ará ibẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà kẹta ni ọkọ̀ tí kò ní àsíá rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onípákó tó ń kó ohun ìjà lọ sí Yemen láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ṣe rí. Àìní àsíá yẹn gan-an ló ń fún ọkọ̀ ogun lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inú wọn.

Wíwọ ọkọ̀ náà kì í ṣe eré. Òru ni wọ́n sábà ń lọ, ọkọ̀ kékeré yóò sún mọ́ ọkọ̀ ńlá, àwọn ọmọ ogun yóò fi àkàbà gùn ún nígbà tí ìgbì ń gbé ọkọ̀ méjèèjì sókè sódò. Ní oṣù Kíní ọdún 2024, nítòsí etíkun Sòmálíà, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan já bọ́ sómi bó ṣe ń gùn, èkejì rẹ̀ bẹ́ sómi tẹ̀ lé e láti gbà á là, ẹrù ara wọn sì wuwo. Àwọn méjèèjì kú. Tí àwọn tó wọlé bá ti káwọ́ ọkọ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá atukọ̀ ni wọ́n ń lọ láti gba ìwé. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje ló wà lára kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi wé ìwé, wọ́n á wo èdídì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bóyá wọ́n ti já a rí.

Ọ̀rọ̀ ará ìlú ló kù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé àwọn ìjọba ti ń ṣàṣìṣe jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Àpápá bẹ́ sílẹ̀, bọ́ǹbù ti dún ní Àbújá lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ìdìbò ọdún 2011 sì ń kanlẹ̀kùn. Kíá ni àwọn kan ti ní olóṣèlú ló kó o wá, àwọn mìíràn ní àwọn ajìjàgbara Niger Delta ni, ní Ísírẹ́lì wọ́n ń sọ pé Gaza ló ń lọ. Ìráànì ní ilé iṣẹ́ aládàáni ló tà á fún orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gáńbíà já àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Ìráànì ní oṣù Kọkànlá, Sẹ̀nẹ̀gà sì ṣe bákan náà ní oṣù Kejì ọdún 2011, ó ní ohun ìjà Ìráànì ló pa àwọn ọmọ ogun òun ní Casamance, agbègbè kan ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lórí ni pé Nàìjíríà fi tó Ìgbìmọ̀ Aláàbò létí, ó sì gbé àwọn afurasí lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, tó dá ọmọ Ìráànì kan àti ọmọ Nàìjíríà kan lẹ́bi lọ́dún 2013.

Nígbà tí ẹni tó gba ohun ìjà bá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń jà, ìgbàgbọ́ máa ń ṣòro. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, Ísírẹ́lì mú ọkọ̀ Klos C ní Òkun Pupa, wọ́n bá rọ́kẹ́ẹ̀tì M-302 tí iye rẹ̀ jẹ́ 40 lẹ́yìn àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n tò wọ́n síta ní Eilat fún àwọn oníròyìn, Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, sì ń ráhùn pé ayé kò bìkítà. Ìráànì ní irọ́ ni. Àwọn tó ti gbà pẹ̀lú Ísírẹ́lì tẹ́lẹ̀ gbà á gbọ́, àwọn tí kò gbà tẹ́lẹ̀ ní eré ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ògbógi Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ yẹ ẹrù àti ìwé náà wò fúnra wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti Ìráànì ló ti wá, ó sì lòdì sí òfin. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tò sórí ilẹ̀ kò lè sọ ibi tó ti wá, nọ́ńbà àti ìwé rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ohun ìjà tí wọ́n bá sì gbà, wọn kì í kàn gbé e fún ẹni tó wù wọ́n. Àwọn tí Amẹ́ríkà gbà lójú òkun Yemen ní láti kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́, tó sọ wọ́n di ti ìjọba Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n kó ìbọn tó lé ní 5,000 àti ọta tó lé ní 500,000 lára wọn ránṣẹ́ sí Ukraine.