Eré Sísá Nìkan Kọ́ Ni Prẹ́ẹ̀sì

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbọ́ ọ níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ikọ̀ kan ń prẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ni pé wọ́n ń há alátakò tó ní bọ́ọ̀lù mọ́ kí wọ́n lè tètè gbà á, bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá, góòlù wọlé wọn, ẹnì kan á sì fò dìde lórí bẹ́ǹṣì: "Ọ̀lẹ ni wọ́n! Wọn ò sáré!" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jókòó tì mí tiẹ̀ ń là á yé gbogbo ilé pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú prẹ́ẹ̀sì, pé kí èèyàn ṣáà ti ní èémí. Mo dákẹ́, torí àgbà ni wọ́n. Ibí yìí ni n ó ti fèsì.

Pé ẹni tó ń prẹ́ẹ̀sì ń sáré, ta ló ń jiyàn? Gbogbo wa la lójú. Ohun tí ojú wa kì í rí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Nígbà tí Klopp jẹ́ kóòṣì Liverpool, bí Firmino, atamátàsé wọn, bá ń lé bọ́ọ̀lù nítòsí ilé alátakò, Firmino la máa ń rí. A kì í rí Van Dijk, ẹlẹ́yìn wọn tó ń dáàbò bo ilé, tó ti fi iwájú ilé tirẹ̀ sílẹ̀, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlà àárín pápá. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Van Dijk ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pápá ńlá gùn tó mítà 105. Bí atamátàsé bá ń prẹ́ẹ̀sì létí éétíìnì (àpótí ńlá iwájú ilé) ti alátakò, tí àwọn ẹlẹ́yìn rẹ̀ sì dúró pa sétí éétíìnì tiwọn, àlàfo tó wà láàárín wọn lé ní mítà 70. Kí ni eré fẹ́ ṣe síyẹn? Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kọjá lórí atamátàsé, ó parí. Arrigo Sacchi, kóòṣì AC Milan nígbà náà lọ́hùn-ún, ti rí èyí tipẹ́. Ní Milan rẹ̀ tó gba ife Yúróòpù ní 1989 àti 1990, nǹkan bíi mítà 25 ló fẹ́ kó wà láàárín ẹni tó gbẹ̀yìn àti ẹni tó wà níwájú pátápátá. Mítà 25! Ó máa ń mú wọn rìn ín láìsí bọ́ọ̀lù rárá, títí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tí a so pọ̀.

Ẹni tó bá ti mú adìẹ rí lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la ọdún á mọ ohun tí mò ń wí. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan, wàá yí ilé po títí wàá fi ṣubú. Àmọ́ bí ọmọ kan bá dí ẹnu ọ̀nà, tí òmíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ìwọ sì rọra ń tì í lọ sí kọ̀rọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ti tó. Firmino kì í sáré tààrà lọ bá ẹni tó ní bọ́ọ̀lù. Ó máa ń gba ìhà kan yọ, kí ara rẹ̀ lè dí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ì bá gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni àárín, Salah àti Mané, àwọn tí wọ́n jọ ń gbá iwájú, á wá ti ẹ̀gbẹ́ já wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó bá gòkè bẹ́ẹ̀ ní gbèsè tirẹ̀. Òfin offside, tí kì í jẹ́ kí alátakò dúró sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́yìn de bọ́ọ̀lù, kì í mú ẹni tó ṣì wà ní ìdajì pápá tirẹ̀, ilẹ̀ gbalaja sì wà lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́yìn. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2020, Aston Villa na Liverpool tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ní 7-2. Watkins, atamátàsé Villa, ti gbá mẹ́ta wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Àwọn kan ní ó ti rẹ̀ Liverpool. Kí ló rẹ̀ wọ́n? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin nínú líìgì ni, wọ́n sì ti borí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́! Ẹ̀yìn wọn gòkè, kò sí ẹni tó há Grealish ti Villa mọ́, ó ń ráyè gbójú sókè kó tó gbé bọ́ọ̀lù. Alisson, aṣọ́lé Liverpool tó máa ń jáde wá gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ dànù, ti fara pa. Mo gbà pé oríire Villa náà wà níbẹ̀, torí bọ́ọ̀lù mélòó kan kan ara ẹlẹ́yìn kó tó wọlé.

N ò ní kí ẹ fojú di èémí o. Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2024, tí Lookman wa gbá mẹ́ta wọlé Leverkusen ní Dublin, Atalanta, ikọ̀ Lookman tí Gasperini jẹ́ kóòṣì wọn, ò ṣe mítà 25 kankan. Kálukú mú ẹni tirẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e káàkiri pápá. Leverkusen tí ẹnikẹ́ni ò nà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 ò ríbi mí. Irú ìyẹn gba ẹ̀dọ̀fóró gidi, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n mi jàre díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́, tí ẹ ń fowó lé e pé góòlù kankan ò ní wọlé ikọ̀ tó ń prẹ́ẹ̀sì torí pé wọ́n lè sáré, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń ṣọ́lé wọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ tún béèrè bóyá ẹlẹ́yìn wọn tó yára jù wà lára àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n yẹn ta tiwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn ò tíì sọ iye rẹ̀ fún wa.