Ṣé Xbox ṣì lè bá PlayStation àti Nintendo du ọjà? Ìbéèrè tí àbúrò mi bi mí n'Iléṣà

Àbúrò mi kan tó fẹ́ ṣí ilé géèmù nítòsí Ẹrẹ́jà ló fi vọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun rí Xbox Series S tòkunbọ̀ kan tówó ẹ̀ ò wọ́n rárá, àmọ́ àwọn kan ń sọ fún òun pé Xbox ti ń kú lọ, ṣé kóun rà á àbí kóun fi sílẹ̀. Èmi náà nílé géèmù ní Òkèsà, mo sì fẹ́ràn Xbox dénú, torí náà ìdáhùn yìí ò rọrùn fún mi, ṣùgbọ́n bó ṣe rí náà ni màá ṣe sọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbí torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni pé Xbox ń kú lọ?

Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò tíì kú. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá 2020 ni Xbox Series X àti Series S jáde, ọjọ́ kejìlá oṣù yẹn ni PS5, ìyẹn PlayStation 5, náà jáde, ká ṣá sọ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n pàtẹ. Lónìí Sony tó ń ṣe PlayStation ń sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé PS5 táwọn ti tà ti lé ní mílíọ̀nù 80. Microsoft tó ni Xbox ò sọ iye tiẹ̀, látọdún 2015 ló ti dákẹ́ lórí iye ẹ̀rọ tó ń tà, ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹni tọ́jà ẹ̀ bá ń yá kì í dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ka owó oṣù mẹ́ta tó parí nínú oṣù kẹsàn-án 2025, owó tó wọlé látara ẹ̀rọ Xbox fi ìdá 29 nínú 100 dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Nintendo wà lápá kejì o, Switch wọn tó jáde ní 2017 ti kọjá mílíọ̀nù 150, wọ́n tún ti gbé Switch 2 dé ní oṣù kẹfà 2025, ìyẹn náà sì ń tà wàràwàrà.

Ṣé ẹ̀rọ Xbox ò lágbára tó ni?

Rárá. Nínú ìwé, Series X lágbára ju PS5 lọ díẹ̀. Series S ló kéré, RAM 10 GB ló ní, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, Series X ní 16, Microsoft sì ní géèmù tó bá fẹ́ wọ ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ èkejì, ìyẹn dí àwọn tó ń ṣe géèmù lọ́wọ́ díẹ̀. Torí ẹ̀ ni géèmù Baldur's Gate 3 fi dé orí PS5 ní oṣù kẹsàn-án 2023, tó jẹ́ pé oṣù kejìlá làwọn oní-Xbox tó rí i. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé agbára ló pa á lára, torí Switch ló ya ọ̀lẹ jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì tà jù.

Kí ló wá fà á?

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti pẹ́. Ní 2013 tí wọ́n fẹ́ gbé Xbox One jáde, Microsoft ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, wọ́n tún fẹ́ fi òfin de ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní síìdì tàbí tó fẹ́ tà á. Sony kàn ṣe fídíò kékeré kan, ò tó ìṣẹ́jú kan, ọ̀gá kan mú síìdì géèmù, ó nà án sí ẹnì kejì, ìyẹn gbà á, ó dúpẹ́, ó tán, wọ́n ní báyìí lèèyàn ṣe ń yáni ní géèmù lórí PS4. Kí oṣù kẹfà ọdún yẹn tó parí ni Microsoft ti yí ohùn pa dà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Ẹ wá fi ti owó kún un, Xbox One 499 dọ́là torí wọ́n so kámẹ́rà Kinect mọ́ ọn dandan, PS4 399 dọ́là.

Ibi tó wá burú sí ni pé àsìkò yẹn gan-an làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra géèmù sórí àkáǹtì dípò síìdì. Phil Spencer tó jẹ́ ọ̀gá Xbox nígbà yẹn fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ní 2023 pé nínú gbogbo ìgbà téèyàn lè fìdí rẹmi, ìgbà Xbox One ló burú jù, torí ìgbà náà làwọn èèyàn kó ẹrù wọn sílé PlayStation. Ẹni tó ti ní ogójì géèmù lórí àkáǹtì kan, kí ló fẹ́ wá lọ ṣe níbòmíì?

Mo ń fojú mi rí i ní sọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ni mo ní, mẹ́ta jẹ́ PS4, ọ̀kan jẹ́ Xbox. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ táwọn ọmọ ilé ìwé bá dé, ìdí PS4 ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíì, èèyàn mẹ́fà á há sórí bẹ́ǹṣì kan, Xbox á wà níbẹ̀ tí ò ní sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo máa ń pè wọ́n pé ẹ wá, àyè wà níbí. Ọmọ kan wá jókòó lọ́jọ́ kan, FC, géèmù bọ́ọ̀lù, ló fẹ́ gbá, ó fẹ́ pàásì, ó bojú wo páàdì, ó rí X, ó tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù fò lọ sókè. Lórí páàdì PlayStation X ni pàásì, lórí ti Xbox A ni pàásì, X ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè. Kò pẹ́ tí wọ́n ti gbá méjì wọlé fún un. Ó rọra gbé páàdì sílẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nídìí PS4. Ó wù ú kó dúró de tiẹ̀ níbi tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà ju kó dá nìkan jókòó lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Xbox káàkiri ayé nìyẹn, ibi tí èrò bá wà lèrò ń lọ.

Wọ́n ní Microsoft ń pàdánù lórí ẹ̀rọ Xbox tó ń tà. Báwo lèèyàn ṣe ń tajà ní àdánù?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí èyí yé jù. Àwọn bàbá wa tó ń ṣe Òṣómàáló, aṣọ ni wọ́n ń gbé lọ sílùú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á máa lọ, tó bá tó àsìkò wọ́n á pa dà wá ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó àwọn á fi pé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ kalẹ̀ kọ́ lèrè ń wọlé, ẹ̀yìn lèrè wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ géèmù rí. Ní 2021, nínú ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ géèmù Epic pe Apple, ẹnì kan láti Microsoft sọ nílé ẹjọ́ pé àwọn ò tíì jèrè rí lórí títa ẹ̀rọ Xbox fúnra ẹ̀, nígbà tó sì di 2022 Spencer ní àwọn ń fi 100 sí 200 dọ́là dí i lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Orí géèmù ni wọ́n ti ń gba owó ọ̀hún pa dà, géèmù ẹlòmíì tó bá tà lórí sítọ́ọ̀ wọn, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n ń mú, wọ́n tún ní Game Pass tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017, èyí téèyàn ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù láti máa gbá oríṣiríṣi géèmù.

Ṣùgbọ́n Òṣómàáló tí ò ní ju ilé méjì mẹ́ta tó tajà fún ńkọ́, ẹnu ọ̀nà ta ló fẹ́ ṣó sí? Ìyọnu Xbox gan-an nìyí. Ó wá burú débi pé ẹ̀rọ tó ti lo ọdún márùn-ún lórí igbá, owó ẹ̀ ń gòkè dípò kó já, Series S tí wọ́n ń tà 299 dọ́là l'Amẹ́ríkà ní 2020 ti di 399 ní oṣù kẹwàá 2025, Series X kúrò ní 499, ó di 649. PS5 náà gbówó lórí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tọ́jà ẹ̀ ń yá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó mú un jẹ.

Kí ló dé tí Microsoft ń gbé géèmù tiẹ̀ lọ sórí PlayStation?

Owó ni. Wọ́n ra ilé iṣẹ́ géèmù Activision Blizzard ní bílíọ̀nù 68.7 dọ́là, oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n parí ẹ̀, irú owó bẹ́ẹ̀ ò lè tara àwọn oní-Xbox nìkan jáde. Ní 2024 wọ́n kọ́kọ́ kó géèmù mẹ́rin lọ sórí ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíì, Forza Horizon 5 dé PS5 ní 2025, wọ́n tún kéde pé Halo gan-an, géèmù tí wọ́n fi ń dá Xbox mọ̀, ń bọ̀ níbẹ̀. Halo o! Èmi tí mo mọ ohun tí Halo jẹ́ fún Xbox láti 2001, ó dà bíi kéèyàn gbọ́ pé wọ́n gbé ilẹ̀kùn ojúde kúrò. Fún ilé iṣẹ́ náà ó bọ́gbọ́n mu, ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ni wọ́n fẹ́ máa ṣó sí báyìí, tó fi mọ́ tọ̀tá. Fún ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ kò dáa, torí kí lẹnì kan á tún torí ẹ̀ rà á?

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ó ṣẹlẹ̀ sí Sega, ilé iṣẹ́ Japan kan tóun náà ń ṣe ẹ̀rọ géèmù nígbà yẹn. Dreamcast wọn jáde ní Japan ní 1998, ó dé Amẹ́ríkà ní 1999, ẹ̀rọ tó dáa gan-an, ó ti ní módẹ̀mù nínú. PS2 dé ní 2000, ó ń ṣeré DVD, àwọn èèyàn sì ti ń dúró dè é. EA tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù kọ̀ láti ṣe nǹkan kan fún Dreamcast. Oṣù kìíní 2001 ni Sega kéde pé ó tán, nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 ló tà, PS2 lé ní mílíọ̀nù 160 kí tiẹ̀ tó parí. Sega ò kú ṣá o, géèmù ni wọ́n ń ṣe títí dòní, géèmù Sonic wọn sì ń sáré kiri lórí ẹ̀rọ Nintendo.

Ṣùgbọ́n Nintendo náà ṣubú, Wii U tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ò tà ju mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ lọ, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Switch dìde. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé nígbà tí nǹkan le fún wọn, wọn ò gbé Mario, géèmù wọn tó lókìkí jù, wọ ilé Sony. Xbox ti gbé tiẹ̀ lọ. Ọ̀nà Sega ni mo rí i tó dojú kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kéde ní oṣù kẹfà 2025 pé àwọn àti AMD tó ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ jọ ń ṣe ẹ̀rọ tó kàn, adúrà mi sì ni pé kí ìyẹn dáa.

Kí wá ni kí n rà, ẹ̀gbọ́n mi?

PS4 méjì, torí gbogbo PS4 ló ń gba síìdì. Series S yẹn ò lójú síìdì rárá, gbogbo géèmù ẹ̀ dátà lo máa fi fà á, òmíì sì lé ní 100 GB, kí NEPA wá mú iná láàárín. Àwa mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ yìí ládùúgbò ń pààrọ̀ síìdì láàárín ara wa, o ò ní lè bá wa dá sí i. Páàdì ẹ̀ tún ń jẹ bátìrì méjì méjì, àfi tó o bá so okùn mọ́ ọn. Ohun tí mo lè fi yìn ín ni pé kì í jẹ iná púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e dáadáa, tó bá sì jẹ́ inú yàrá ẹ lo fẹ́ gbé e sí tó o sì ní dátà, rà á, wàá gbádùn ẹ̀. Fún sọ́ọ̀bù, rárá. Tó o bá ti rí PS4 yẹn, má tíì sanwó, gbé e wá sí Òkèsà kí n fi síìdì dán ojú ẹ̀ wò, kí n sì yí ọ̀pá páàdì méjèèjì bóyá wọ́n ń rìn fúnra wọn.