Ìbẹ́pẹ wa ń tanná, kò so: kí ló fà á?

Ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó ti ga ju òrùlé lọ. Ìgbà gbogbo ló ń tanná, kò so rí. Ṣé ó yàgàn ni?

Kò yàgàn rárá, akọ ni. Ìbẹ́pẹ ní akọ, ó ní abo, ó sì ní ẹ̀yà kẹta tí akọ àti abo jọ wà nínú òdòdó kan ṣoṣo. Ẹ lọ wo òdòdó rẹ̀. Bó bá jẹ́ wẹẹrẹwẹ, tó pọ̀ lára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó rọ̀ wálẹ̀, akọ nìyẹn. Òdòdó abo kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara igi níbẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, lábẹ́ ewé, ìdí rẹ̀ sì máa ń sanra. Ẹ là á sí méjì, ẹ ó rí ìbẹ́pẹ kékeré nínú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ pín sí márùn-ún. Ti akọ kò ní irú ìyẹn. Ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú ló ní, èyí tó gbọ́dọ̀ dé ara òdòdó abo kí abo tó lè so.

Igi kì í rìn. Báwo ni ìyẹ̀fun yẹn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ abo?

Àfòpiná wà lára àwọn tó ń gbé e, àwọn ńlá tó máa ń fò nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ibí yìí ló yà mí lẹ́nu jù: òdòdó akọ ní omi dídùn, ti abo kò ní nǹkan kan. Àfòpiná á mu ti akọ títí, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á wá ṣi ti abo yà, nítorí àwọn méjèèjì jọra lójú rẹ̀. Àṣìṣe yẹn ló ń jẹ́ kí abo so. Ìyẹ̀fun tó bá bà lé ẹnu abo á ta iṣan tín-ín-rín wọ inú lọ, ẹyọ kan fún kóró kan.

Wọ́n ní ká kan ìṣó mọ́ ọn kó lè so.

Mi ò fara mọ́ ọn. Akọ mìíràn máa ń so díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí padà, lórí ọ̀pá gígùn yẹn náà. Ìṣó ni wọ́n wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí abo bá wà nítòsí, ẹ má gé akọ yín. Akọ kan tó abo bíi mẹ́wàá.

Ẹnikẹ́ni ò gbìn ín. Báwo ló ṣe débẹ̀?

Ẹyẹ tàbí àdán ló gbé kóró rẹ̀ wá, tàbí èèyàn tó jẹ ẹ́ tó da kóró sẹ́yìn ilé. Nígbà tí kóró kò tíì gbó, èso á le, oje á kún ara rẹ̀. Ìgbà tí kóró bá dúdú ni èso tó ń pọ́n, tó ń dùn.

Mo fẹ́ gbin abo. Kóró wo ni kí n mú?

Kò sí bí ẹ ṣe lè fojú mọ̀ ọ́n. Kóró inú èso abo tó gba ìyẹ̀fun akọ, bí ìdajì á jẹ́ akọ. Ẹ fi iyanrìn bó awọ yíyọ̀ ara kóró kúrò, torí kì í jẹ́ kó tètè hù. Ẹ fi kóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú kan, kí ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá tanná, bí oṣù 5 sí 8, kí ẹ tó fa èyí tí ẹ kò fẹ́ tu.