Lekki Wo Lẹ Ń Sọ Ná?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ajẹ́ǹtì kan ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ tà fún wa, Lekki ló wà. A wọkọ̀ títí, a kọjá Ajah, a kọjá Ṣàǹgótẹ̀dó, a ò tíì débẹ̀. Ṣé Lekki ń rìn ni?

Ìdáhùn: Ó ń rìn dáadáa, owó ló ń gbé e kiri. Lekki gangan, ìlú àtijọ́, wà lọ́nà jíjìn lọ́hùn-ún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jù-Lekki, ní agbègbè tí èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní 2023 wà. Lekki Phase 1 tí gbogbo ayé mọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, Ẹ̀tì-Ọ̀sà ló wà. Ìgbà tí Phase 1 di ibùgbé olówó ni àwọn ajẹ́ǹtì rí i pé orúkọ yẹn ń tajà. Bí Agúngi, Ọ̀sapa àti Ìkọ̀tá ṣe di “Lekki” lórí pátákó nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ wà, kó má bi ajẹ́ǹtì. Kó bi kọ̀ńdọ́ pé ibùdókọ̀ wo lòun máa bọ́ sí, èló sì ni.

Ìbéèrè: Ìjọba náà ń yí orúkọ padà, àbí?

Ìdáhùn: Àdúgbò Maroko ló ń dùn mí jù. Ní oṣù keje 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, wọ́n wó o palẹ̀, nǹkan bí 300,000 èèyàn sì di aláìnílé. Lónìí, Oniru àti Victoria Island Extension ni ẹ ó gbọ́ níbẹ̀. Orúkọ bá ilé lọ.

Ṣùgbọ́n kì í gbà fún wọn nígbà gbogbo. Ní 2012, Ààrẹ Jonathan ní kí Unilag máa jẹ́ Yunifásítì Moshood Abiola. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya sójú títì, orúkọ náà ò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí a ṣe fẹ́ràn Abíọ́lá tó.

Ìbéèrè: Ibùdókọ̀ Charly Boy tí wọ́n sọ di Baddo ńkọ́?

Ìdáhùn: Alága Bàrígà tó ń kógbá sílé ló ṣe ìyẹn ní 2025, ó fi dá Olamide, olórin ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Baddo, lọ́lá. Ariwo sì ta. N ò ní ìjà kankan pẹ̀lú Baddo o. Àmọ́ l'Ékòó, ohun tí èrò ń rí láti ojú fèrèsé dánfó ló ń di orúkọ: Cele torí ṣọ́ọ̀ṣì, Ilé-Epo torí ibi tí wọ́n ti ń ta epo, Mángòrò torí igi. Charly Boy náà, torí ilé olórin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ńdọ́ á pè é, á ní “Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!”, ẹni tó fẹ́ bọ́ á dáhùn láti ẹ̀yìn pé “Charly Boy wà o!” Títí èrò á fi máa pariwo “Baddo wà o!”, inú ìwé ìjọba nìkan ni orúkọ tuntun yẹn wà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n ń kọ “This house is not for sale” sára ògiri?

Ìdáhùn: Torí gbájúẹ̀ ni. Ayálégbé lè ta ilé onílé, ẹ̀gbọ́n lè ta ilé bàbá wọn láìsọ fún àbúrò. Ọ̀dà pupa ò wọ́n, ni wọ́n bá kọ ọ́. Bí ẹ bá tún ra ilẹ̀ tán, àwọn ọmọ onílẹ̀ á dé: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Ìjọba Èkó ṣòfin lé wọn lórí ní 2016, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yọjú. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí lọ́yà lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní Alausa.