Ilẹ̀ Owó Pọ́ọ́kú ní Costilla: Omi Ni Kí A Kọ́kọ́ Béèrè

Káúńtì Costilla wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá òkè Sangre de Cristo. Èèyàn 3,499 péré ni ìkànìyàn ọdún 2020 bá níbẹ̀. Pulọ́ọ̀tì éékà 5 pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, owó rẹ̀ kò sì ga. Ìyẹn ló ń fa àwọn tó fẹ́ sá kúrò nílùú ńlá, kí wọ́n dáko tí wọ́n á máa jẹ, kí wọ́n sì ríbi forí pamọ́ sí bí ọjọ́ burúkú bá dé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ onílẹ̀ ni à ń bẹ̀rù. Ní Costilla, omi gan-an ni ọmọ onílẹ̀.

Ní Colorado, ẹni tó ra ilẹ̀ kò tíì ra omi abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ fa omi lò ló ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀tọ́ omi tó pẹ́ jù ní ìpínlẹ̀ náà, ti ọdún 1852, inú káúńtì yìí ló wà, ní ìlú San Luis. Ẹni tó dé lónìí, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò tò sí. Nítorí náà, ìwé àṣẹ kànga ni kí a kà kí a tó wo ilẹ̀. Bí pulọ́ọ̀tì kò bá tó éékà 35, àṣẹ tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni ti ìlò inú ilé nìkan: a lè fi wẹ̀, a lè fi sebẹ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ fi bomi rin ẹ̀fọ́, a ò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún adìẹ mu. Oko wo ló kù níbẹ̀?

Omi òjò ńkọ́? Òfin ọdún 2016 fàyè gba àgbá méjì fún ilé kan, àpapọ̀ wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju gálọ́ọ̀nù 110 lọ. Ìyẹn kò kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́tàdínlógún. Òjò ọ̀hún pàápàá ṣọ̀wọ́n: ní Alamosa tó wà nítòsí, gbogbo èyí tó ń rọ̀ lọ́dún kan kò ju nǹkan bí íǹṣì 7 lọ, nígbà tí Ìbàdàn ń rí bí 50.

Ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù sì máa ń pa ohun ọ̀gbìn. Bí oṣù mẹ́ta péré ni ìrì dídì fi ń yọ̀ǹda ilẹ̀. Pòtétò ń ṣe dáadáa ní àfonífojì San Luis, níbi tí káúńtì yìí wà. Tòmátì á nílò ilé ọ̀rá.

Ọ̀nà àbájáde ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Ní ìparí oṣù kẹfà 2018, iná kan ṣẹ́ yọ nítòsí Fort Garland, ìlú kékeré kan nínú káúńtì yìí, ó jó éékà tó lé ní 108,000, ó jó ilé tó lé ní 100, wọ́n sì ti òpópónà US 160 pa. Ẹni tí ọ̀nà kan ṣoṣo bá já sí ilé rẹ̀, inú pàkúté ló ń gbé, bó ti wù kí oúnjẹ pọ̀ tó nínú àká rẹ̀. Títì míì sì wà tó jẹ́ pé orí máàpù nìkan ló ti dán. Kò sẹ́ni tó ń kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀.

Láti San Luis dé ilé ìwòsàn Alamosa lé ní 40 máìlì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, kó má lọ ní oṣù keje tí gbogbo nǹkan tutù yọ̀yọ̀. Oṣù kìíní ni kó lọ, kó wa ọkọ̀ láti ẹnu pulọ́ọ̀tì náà dé ilé ìwòsàn, kó sì máa wo aago.