Mi ò fi ṣúgà sí ògì, kí ló gbé ṣúgà lọ sókè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ní àtọ̀gbẹ. Ògì àti búrẹ́dì ni oúnjẹ àárọ̀ wọn, wọn kì í sì í fi ṣúgà sí i rárá. Síbẹ̀, bí a bá wọn ṣúgà wọn lẹ́yìn wákàtí méjì, 240 (mg/dL) la máa ń rí. Bí wọ́n bá jẹ àmàlà lọ́sàn-án, kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ògì fúnra rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ wò. Àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi aṣọ sẹ́ ni. Eèrí tí à ń dà fún ewúrẹ́ gan-an ni ìbá má jẹ́ kó tètè dà nínú. Ohun tó kù nínú ike kì í pẹ́ di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ì báà má ní ṣúgà oníhóró kankan nínú. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti búrẹ́dì funfun. Ògì bàbà tí a ti sẹ́ náà kì í ṣe oògùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bẹ́ẹ̀. Oyin náà ńkọ́? Ṣúgà ni.

Èkejì ni àárọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ìdájí, ara máa ń tú àwọn hòmóònù bíi cortisol jáde, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà ara. Wọ́n á ní kí ẹ̀dọ̀ kó lára ṣúgà tó fi pamọ́ síta, wọn kò sì ní jẹ́ kí insulin, ìyẹn hòmóònù tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Ara ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ á fi insulin kún un. Ti màmá lè má lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kan náà fi ń gbé ṣúgà ga láàárọ̀ ju ọ̀sán lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí wọ́n kúkú má jẹun àárọ̀ mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó tì o! Pàápàá bí wọ́n bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní glibenclamide tàbí tí wọ́n ń gún insulin. Ṣúgà wọn lè já wá sísàlẹ̀ 70, kí òógùn bò wọ́n, kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ po hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sómi kí wọ́n mu ún, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Ìbéèrè: Kí wá ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ yọ búrẹ́dì kúrò, kí ògì má ju ife kékeré kan lọ. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin tì í, kí wọ́n sì kọ́kọ́ jẹ ìyẹn kí wọ́n tó mu ògì. Bí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n rìn díẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n má padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì sí ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, 80 sí 130 là ń wá kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà lè fi àyè díẹ̀ sí i fún arúgbó. 240 nìkan kò tó sọ nǹkan fún wa. Bó bá jẹ́ 120 ló ti gbéra, ògì àti búrẹ́dì lẹ̀bi wà lọ́rùn wọn. Bó bá jẹ́ 200 ni wọ́n bá jí, ọ̀rọ̀ oògùn wọn ni kí ẹ lọ bá dókítà sọ, kí ẹ má sì dá a fi kún fúnra yín.