Orí Ẹran Ni Okùn Yẹ Kó Mú, Kì í Ṣe Ọrùn

Bí Ìléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, kò sí àdúgbò ní Àkúrẹ́ tí wọn kì í ti í rí i: àgbò ńlá tó ti Òkè Ọya wá, okùn ọ̀rá lọ́rùn rẹ̀, ọkùnrin méjì ń fà á níwájú, ọmọdé kan ń tì í lẹ́yìn. Àgbò náà ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ ti yọ síta. Àwọn tó ń wò ó á ní olóríkunkun ni. Irọ́ ni. Àgbò tó ń fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá, bí àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n èyí tí okùn fún lọ́fun, èémí ló ń wá. Gògóńgò wà níwájú ọrùn níbẹ̀, kò sí egungun kankan tó bò ó.

Ìjánu okùn, ìyẹn okùn tó gba orí imú, ẹ̀yìn etí àti abẹ́ àgbọ̀n, ni ohun tó yẹ kó wà lórí ẹran yẹn. Kì í ṣe ìjánu ẹṣin tó ní irin o. Kò sí ohun tó ń wọ ẹnu ẹran.

Ẹ wo ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fọwọ́ tì í nítòsí híńjì á làágùn kó tó ṣí. Ẹni tó bá tì í ní etí kejì, ìka kan ti tó. Ibi tí ọrùn ti so mọ́ èjìká ni híńjì ẹran, okùn ọrùn sì sún mọ́ ọn gan-an. Ìdí nìyẹn tí àgbò kan fi ń borí ọkùnrin méjì. Imú ló wà ní etí ilẹ̀kùn. Bí imú bá yí, ọrùn á yí, èjìká á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ò sì ní ibòmíràn tó máa gbà. Ilẹ̀kùn ìrókò ilé àtijọ́, tó wúwo ju ẹni tó kàn án lọ, ọmọ ọdún márùn-ún ń ṣí i, ó ń tì í, torí ibi ìdìmú nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lọmọ kékeré ṣe ń fa màlúù kọjá títì. Màlúù náà kò fúyẹ́ sí i.

Ṣíṣe rẹ̀ kò pẹ́. Okùn onífọ́nrán mẹ́ta tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni kí a wá: nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 fún ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, 12 sí 14 fún màlúù. Òwú dára ju ọ̀rá lọ, torí kì í bó ẹran lára bẹ́ẹ̀ ni kì í jó ọwọ́ ẹni tó ń fà á. Ojú méjì, ìyẹn ihò tí okùn lè gbà kọjá, la ó ṣe sí i. Ojú àárín ló ń ṣáájú: a ó la fọ́nrán okùn, a ó fi orí rẹ̀ tó kúrú gba àárín wọn, a ó sì tún fi orí gígùn gba àárín fọ́nrán apá kúkúrú kí ojú náà má baà yọ̀. Lẹ́yìn náà la ó tú fọ́nrán orí kúkúrú, a ó ká a padà, a ó hun ún mọ́ ara okùn. Ojú kejì nìyẹn. Àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ tó láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan gba orí imú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Ojú àárín á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Láti ibẹ̀, okùn gígùn á gba ẹ̀yìn etí kọjá, á wọ ojú kejì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á gba abẹ́ àgbọ̀n, á sì jáde láti ojú àárín. Ìyókù ni a ó fi máa fà á.

Abẹ́ àgbọ̀n yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Bí ẹran bá kọ̀, okùn á sún, á fún un. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, okùn á rọ̀, á sún padà fúnra rẹ̀. Ojóbó tí a ta sí ọrùn mọ bí a ti ń fún, àmọ́ kò mọ bí a ti ń tú: okùn líle á há mọ́ ara rẹ̀, ẹran á gbọ́ràn tán, ìyà náà ò sì ní dáwọ́ dúró. Kí wá ni ẹran fẹ́ kọ́ nínú ìyẹn? Nínú ìjánu, ẹran ló ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dì í mú gbọ́dọ̀ rọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹran bá ti gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á lọ láìdẹwọ́ ti ba iṣẹ́ okùn jẹ́.

Àwọn kan máa ń dorí rẹ̀ kodò, apá tó ń sún á wá bọ́ sórí imú. Ó burú. Apá orí imú kì í sún, ó sì gbọ́dọ̀ wà lókè, nítòsí ojú, níbi tí egungun wà. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi kerekere, á dí èémí, a ti padà sídìí ọ̀rọ̀ ọrùn nìyẹn. Àbùkù tí ìjánu yìí ní hàn lára ewúrẹ́ ilé wa tí ojú wọn kúrú: okùn ẹ̀yìn etí máa ń gùn sí i, gbogbo rẹ̀ á sì bọ́. Kókó kan lára okùn, ní abẹ́ ojú okùn tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á dá a dúró.

Bí ẹran bá ti dé ilé, kí a bọ́ ìjánu náà kúrò lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ tó wọ ìjánu sùn tàbí tó wọ̀ ọ́ lọ jẹko nínú oko kòkó lè fi okùn há sí kùkùté, bó bá sì ṣe ń fà ni yóò máa fún un, láìsí ẹni tó máa rọ ọwọ́ fún un.